Ta ló ń san owó oṣù? Àlàyé lórí kíláàbù básíkẹ́ẹ̀tì semi-pro ní ẹ̀bá Abuja

Bí ẹ bá ń gbé Kubwa, Nyanya, Lugbe tàbí Gwagwalada, tí ẹ sì ní ọmọ tó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé: "Mọ́mì, mo ti wọ kíláàbù semi-pro." Ìyá á béèrè pé èló ni wọ́n ń san. Ọmọ á họrí, á ní wọ́n máa ń fún àwọn ní owó ọkọ̀. Bàbá tó ń gbọ́ ìròyìn lórí àga á wá dá sí i: "Ṣé iṣẹ́ ni àbí eré?"

Ẹ má fi ìbéèrè bàbá yẹn ṣẹ̀rín. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn kíláàbù básíkẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà dá lé, àwọn tó sì ti dàgbà sínú eré náà gan-an kì í fún un ní èsì kan náà.

Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbádùn, owó ara rẹ̀ ló ń ná: bàtà, ọkọ̀, omi. Ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́, kíláàbù ló ń bọ́ ọ, òun ló ń san owó ilé rẹ̀, ó sì ní ìwé àdéhùn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Semi-pro wà láàrin àwọn méjèèjì. Wọ́n ń fún un ní nǹkan, àmọ́ nǹkan ọ̀hún kò tó jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí i ní pápá pẹ̀lú kóòṣì. Ní àárọ̀, ó wà níbi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Ó lè jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ aládàáni, ó lè máa ṣe POS, ó lè jẹ́ agùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sí Abuja tí kóòṣì kan sì rí i pé ó gùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn ẹgbẹ́ kan, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ife tó ti gbà. Ẹ béèrè ẹni tó ń san owó àwọn ọmọ náà, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ni pápá tí wọ́n fi ń gbá a. Èsì méjèèjì á jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀, ìdí tó fi yí orúkọ padà, àti ohun tó lè pa á.

Kí n tó lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa owó ọkọ̀ tí ọmọ yẹn ń gbà, torí ó ju bó ṣe rí lójú lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń lé àǹfààní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàrin àwọn yunifásítì ibẹ̀, máa ń yẹ ìtàn agbábọ́ọ̀lù wò kó tó gbà á láyè. Owó tó kárí ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùsùn fún ìdíje jẹ́ nǹkan kan lójú wọn; owó oṣù tàbí ìwé àdéhùn pẹ̀lú kíláàbù tó ń sanwó jẹ́ nǹkan mìíràn. Òfin wọn ti tú gan-an láti 2021, nígbà tí wọ́n gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pa owó, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dẹ́kun bíbéèrè. Ọmọ tó ń fi "semi-pro" yangàn lórí Instagram kàn lè máa kọ ẹ̀rí tí wọ́n máa fi da ìbéèrè bò ó lọ́jọ́ iwájú. Owó tí wọ́n bá fún un, kó kọ iye rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fún un fún sínú ìwé.

Àwọn tó ń sanwó

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, pàápàá ní àríwá. Ẹ wo bí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ṣe rí: Kano Pillars, Kwara Falcons, Gombe Bulls, Plateau Peaks, Bauchi Nets, Niger Potters. Orúkọ ìpínlẹ̀ tàbí ti olú-ìlú rẹ̀ ló ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà ni ẹyẹ, ẹranko, òkè tàbí nǹkan mìíràn á tẹ̀lé e. Kano Pillars tiẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ìlú wọn, èyí tó ń da àwọn ará Èkó láàmú nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé "Pillars gba ife" tí wọn ò sì rí i lórí tábìlì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Kíláàbù méjì ni. Ìjọba Kánò kan náà ló wà lẹ́yìn wọn. Ẹgbẹ́ tí ìjọba bá ń bọ́ á máa gbé ayé ìṣúná owó. Gómìnà tó fẹ́ràn eré á ra bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lè máà mọ ibi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà sí.

Ẹ̀yìn wọn ni àwọn aláṣọ ìjọba. Ibí yìí ni Abuja ti yàtọ̀ sí gbogbo ìlú tó kù, torí pé olú ilé iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹgbẹ́, Civil Defence ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní Civil Defenders, àwọn ológun òfuurufú ní Air Warriors fún àwọn obìnrin. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gba agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ yòókù. Ó ní ipò, ó ní yunifọ́ọ̀mù, ó ní owó oṣù tó ń wọlé bí líìgì ń lọ tàbí kò lọ, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì níwájú. Lórí ìwé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣeré ìdárayá ni. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí ló sún mọ́ ohun tí a lè pè ní professional jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, torí pé bí orókùn rẹ̀ bá yẹ̀ lọ́la, ó ṣì ní tábìlì tó máa jókòó sí. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀dọ́kùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá fi lè fi ẹgbẹ́ àdúgbò sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, tí kóòṣì rẹ̀ kò sì ní bá a bínú.

Àwọn olówó àti ilé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Mark Mentors ti Abuja ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Igoche Mark ló wà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe ìdíje Mark D' Ball. Báńkì náà ti ṣe é: ẹgbẹ́ obìnrin First Bank ti pẹ́ lẹ́nu eré yìí, Union Bank sì ní ti ọkùnrin. Ìjọ pàápàá kò gbẹ́yìn, ẹ̀yin náà mọ ìjọ MFM ti Bàbá Olukoya. Orúkọ ìjọ yẹn ni ẹgbẹ́ obìnrin wọn ń jẹ́ nínú líìgì. Ẹgbẹ́ tó bá ní olówó kan lẹ́yìn máa ń yára dìde. Ó lè ra agbábọ́ọ̀lù, ó lè sanwó hòtẹ́ẹ̀lì láìdúró de ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ sí fáìlì. Ewu rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ẹgbẹ́ àdúgbò ló wá kẹ́yìn, èyí tí kò ní ẹni tó ń sanwó fún un rárá. Kóòṣì kan, bọ́ọ̀lù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbà kí wọ́n lò lẹ́yìn ìwé, àti òbí méjì tó lọ́kọ̀. Irú èyí ló pọ̀ jù ní ẹ̀bá Abuja, òun náà ni ìtàn rẹ̀ sì tètè máa ń sọnù jù, torí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí básíkẹ́ẹ̀tì ṣe dé ẹ̀bá ìlú

Kó tó lè yé yín, ẹ rántí bí Abuja fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin pé ibẹ̀ ni olú-ìlú tuntun máa wà, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba tó kó kúrò l'Ékòó wá síbẹ̀ pátápátá. Láàrin àkókò yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ìlú náà nílò ibi tí wọ́n máa sùn: ibùdó òṣìṣẹ́ ni Nyanya jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Kubwa jẹ́ ibi tí wọ́n kó àwọn Gbagyi tí ilẹ̀ wọn bọ́ sí àárín olú-ìlú lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń ro pápá básíkẹ́ẹ̀tì mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ dé láti Èkó, Ìbàdàn, Ẹnúgù àti Kàdúná, tí owó ilé Wuse àti Garki kò ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ̀bá ìlú ni wọ́n kó ẹbí sí. Àwọn ọmọ wọn ló gbé eré náà dé àwọn àdúgbò wọ̀nyí, pápá tó sì wà kò ju kọ̀ǹkéré tó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́.

Pápá kọ̀ǹkéré kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ìtàn yìí. Ìwọ̀n tí FIBA, àjọ àgbáyé fún bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, fọwọ́ sí ni mítà 28 ní gígùn àti mítà 15 ní fífẹ̀. Irin òkè náà wà ní mítà 3.05 sí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápá ilé ẹ̀kọ́ kò tó bẹ́ẹ̀, irin wọn sì ti tẹ̀ síwájú torí àwọn ọmọ tó ń rọ̀ mọ́ ọn. Kọ̀ǹkéré ń jẹ bàtà, ó ń jẹ orókùn. Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹwàá, òjò lè dá ìdánrawò dúró nígbàkígbà. Bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku á sọ bọ́ọ̀lù di ohun tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní ilé abẹ́ òrùlé kò lè ṣètò eré tí yóò ta tíkẹ́ẹ̀tì fún, ẹgbẹ́ tí kò bá sì lè ta tíkẹ́ẹ̀tì, níbo ni owó oṣù máa ti wá?

Ilé abẹ́ òrùlé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní Abuja ni gbọ̀ngàn tó wà ní pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti 2003, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ MKO Abíọ́lá ní 2019. Ibẹ̀ ni ìdíje àwọn obìnrin Áfíríkà ti wáyé ní oṣù Kejìlá 2005, tí àwọn obìnrin wa sì gba ife náà lójú àwọn ará ilé. Gbọ̀ngàn yẹn dára, àmọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹgbẹ́ Kubwa tàbí ti Gwagwalada kò lè pè é ní ilé. Ọkọ̀ láti Gwagwalada dé ibẹ̀ nìkan tó láti mú kí àwọn òǹwòran dúró sílé.

Ilé ẹ̀kọ́ ló sì ti ń mú àwọn ọmọ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tó gba ife NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mejì ní 1994 àti 1995, ilé ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College l'Ékòó ló ti di básíkẹ́ẹ̀tì mú nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 15. Bọ́ọ̀lù ọwọ́ àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá tẹ́lẹ̀. Masai Ujiri, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka básíkẹ́ẹ̀tì Toronto Raptors nígbà tí wọ́n gba ife ní 2019, Zaria ló dàgbà sí. Ní 2013, NBA pẹ̀lú ExxonMobil àti Africare bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Power Forward ní ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́wàá ní Abuja, tí wọ́n ń fi básíkẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn ọmọ nípa ìlera, pàápàá ọ̀rọ̀ ibà. Irú ètò báyìí ń fi àwọn ọmọ tó mọ eré sílẹ̀ lẹ́yìn, àwọn ọmọ yẹn ni kóòṣì àdúgbò á kó jọ tí wọ́n á fi di kíláàbù.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn ènìyàn lójú: Mararaba. Láti Nyanya, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Abuja. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni. Ẹgbẹ́ tó bá wà níbẹ̀, abẹ́ àjọ básíkẹ́ẹ̀tì Nasarawa ló yẹ kó forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ti Olú-ìlú Àpapọ̀. Nítorí èyí, àwọn ọmọ méjì tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà láàárọ̀ lè máa ṣojú ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àtẹ̀gùn líìgì

Lábẹ́ àjọ básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, NBBF, ìpele mẹ́ta ló wà fún àwọn ọkùnrin: Division Two, Division One, àti Premier League lókè. Premier League tún pín sí apá méjì, Savannah fún àwọn ẹgbẹ́ apá àríwá àti Atlantic fún àwọn ti apá gúúsù. Àwọn tó bá mókè ní apá méjèèjì ló ń pàdé nínú ìparí tí wọ́n ń pè ní Final 8.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́nu ni pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá a nílé-lóko. Bí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni wọ́n ṣe ń ṣe é: gbogbo ẹgbẹ́ Savannah á pé jọ sí ìlú kan, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀, kálukú á sì gba ilé lọ títí di apá kejì. Ìdí rẹ̀ ni owó ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ààbò lójú ọ̀nà. Ẹ ronú bí ẹgbẹ́ kan ṣe máa rin Gombe, Bauchi, Jos, Kánò àti Minna lọ́kọ̀ọ̀kan fún eré ogójì ìṣẹ́jú.

Ètò yìí gba owó là, ṣùgbọ́n ó mú nǹkan méjì lọ. Àkọ́kọ́, ọmọ Kubwa kì í rí ẹgbẹ́ Kubwa kó gbá bọ́ọ̀lù ní Kubwa. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí àdúgbò fẹ́ràn ohun tí kò rí? Èkejì, sáà líìgì á kúrú débi pé agbábọ́ọ̀lù kò lè fi í ṣe iṣẹ́ kódà bí olówó bá fẹ́ sanwó. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún ni. Ìyókù ọdún, ìdánrawò àti àwọn ìdíje kéékèèké tí àwọn olówó ń gbé kalẹ̀ ló kù. Bí ènìyàn bá ní kí ni "semi" inú semi-pro yìí gan-an, mo máa ń ní kó lọ wo kàlẹ́ńdà.

Orúkọ tó ń yí padà

Ẹ máa gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan "ti wà láti ọjọ́ pípẹ́", ẹ̀yin á sì wá orúkọ rẹ̀ nínú àwọn ìwé líìgì àtijọ́, ẹ ò ní rí i. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá rí onígbọ̀wọ́ tuntun á gba orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò lè san owó ìforúkọsílẹ̀ lè fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀ nínú líìgì, tàbí kí wọ́n kó àwọn ọmọ méjì-mẹ́ta ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn tí kóòṣì náà sì bá wọn lọ. Ta ló wá ni ìtàn náà? Orúkọ, àbí àwọn ènìyàn, àbí àyè líìgì?

Ní Ọsirélíà, wọ́n ti bá ìbéèrè yìí jà jù wá lọ, èsì wọn sì ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Nígbà tí líìgì orílẹ̀-èdè wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1979, orúkọ àdúgbò ẹ̀bá ìlú ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń jẹ́: St Kilda àti Nunawading ní Melbourne, Glenelg ní Adelaide, Bankstown ní Sydney. Owó ń pọ̀ sí i, àdúgbò kò sì lè gbé e mọ́. Nunawading Spectres yí orúkọ padà di Eastside Melbourne Spectres. Ní òpin sáà 1991, wọ́n da pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tí St Kilda ti dà, wọ́n di South East Melbourne Magic, wọ́n sì gba líìgì lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ní 1998, Magic náà tún da pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, orúkọ yẹn náà pa rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Nunawading lónìí, Spectres ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nínú líìgì semi-pro tó ń jẹ́ NBL1 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Báwo? Òkè ló wó, ìpìlẹ̀ kò wó. Lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá náà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé pọ̀ lọ jàra, òbí kọ̀ọ̀kan ń san owó ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò ní àdúgbò wọn. Bí onígbọ̀wọ́ bá lọ, iná gbọ̀ngàn kì í kú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn láàárọ̀ bíi tiwa o. Ní tiwa, bí ẹni tó ń sanwó bá lọ, jẹ́sì ló máa ń kù.

Ìjà òkè, ìpalára ìsàlẹ̀

Àwọn tí kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí máa ń bi mí pé kí ló dé tí ìtàn àwọn ẹgbẹ́ wa fi ní ihò láàrin, ọdún kan wọ́n wà, ọdún kejì wọn ò sí. Apá kan nínú ihò yẹn, onígbọ̀wọ́ ló gbẹ́ ẹ. DStv fi orúkọ rẹ̀ sórí Premier League fún ìgbà kan. Lẹ́yìn náà, ní 2017, Kwesé gbà á. Nígbà tó máa fi di 2019, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Kwesé fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé.

Apá kejì burú ju ìyẹn lọ. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan, ṣùgbọ́n básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹfà 2017, ìbò méjì ni wọ́n dì láti yan ààrẹ NBBF, ọ̀kan ní Kánò tó gbé Tijjani Umar wọlé, èkejì ní Abuja tó gbé Musa Kida wọlé. Kida ni FIBA mọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀: Kida wọlé ní Benin, Igoche Mark wọlé ní Abuja. Bẹ́ẹ̀ ni, Igoche Mark kan náà tó wà lẹ́yìn Mark Mentors.

Ẹ wá fi ara yín sí ipò alága ẹgbẹ́ kékeré kan ní ẹ̀bá Abuja nígbà yẹn. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa san án fún. Bí ẹ bá lọ síbi ìdíje ẹni kan, ẹnì kejì lè sọ pé ẹ ò sí nínú ìwé òun mọ́. Ẹgbẹ́ tí ìjọba ń bọ́ lè jókòó dúró de ìparí ìjà. Owó oṣù ń wọlé. Ẹgbẹ́ àdúgbò kò lè dúró, àwọn ọmọ á túká.

Ní oṣù Karùn-ún 2022, ìjọba àpapọ̀, nígbà tí Sunday Dare jẹ́ mínísítà eré ìdárayá, kéde pé Nàìjíríà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú gbogbo ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé fún ọdún méjì. Wọ́n yí i padà ní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n FIBA ti fi Mali rọ́pò D'Tigress, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, nínú Ife Àgbáyé àwọn obìnrin tó wáyé ní Sydney. Àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife Áfíríkà ti 2021 ni o. Mo ṣì ń bínú sí i.

Kwara Falcons ní Dakar

Ìdíje tó da ọ̀rọ̀ professional àti semi-pro rú pátápátá ni Basketball Africa League, BAL, tí NBA àti FIBA jọ dá sílẹ̀. Àrùn Kòrónà dá a dúró ní 2020, ó wá bẹ̀rẹ̀ ní Kigali ní oṣù Karùn-ún 2021 pẹ̀lú ẹgbẹ́ 12. Rivers Hoopers ti Port Harcourt ṣojú wa. Ní 2022, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan níbẹ̀. Ní 2023, ó kan Kwara Falcons.

Inú àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Abuja dùn débi pé ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin dunk àti láyọ́ọ̀pù ń fi jẹ́sì ṣe àwòrán ojú WhatsApp. Ẹgbẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, láti ìlú tí a ti ń sọ Yorùbá ní àríwá, wà ní Dakar pẹ̀lú US Monastir ti Tùnísíà tó gba ife 2022. Àwọn méjèèjì ni kò rí ọ̀nà dé ìparí ní Kigali, èyí tó fi hàn pé apá Sahara, ìyẹn apá tí wọ́n gbá ní Dakar, kò dẹrùn fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn. Rivers Hoopers padà lọ ní 2024, wọ́n sì ṣe ipò kẹta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa BAL ni pé ẹgbẹ́ tó lọ síbẹ̀ lè máà jọ ẹgbẹ́ tó gbá líìgì nílé. Òfin gbà kí ẹgbẹ́ ní àlejò mẹ́rin tó pọ̀ jù, méjì nínú wọn lè wá láti ìta Áfíríkà. Kíláàbù tún lè kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa láti ẹgbẹ́ mìíràn fún sáà yẹn nìkan. Torí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé òun gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan, ó tọ́ kí ẹ béèrè sáà wo àti ìdíje wo.

Bí ọmọ bá fẹ́ kúrò

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì kan òbí jù lọ. Bí ọmọ bá ti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú kíláàbù lábẹ́ NBBF, tí kíláàbù òkè òkun sì fẹ́ ẹ, àjọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí wọ́n ń pè ní letter of clearance, tó ń sọ pé kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀ níbí. Àdéhùn tí ọmọ fọwọ́ sí ní Kubwa láìka á lè di ìdènà lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ gba ẹ̀dà ohunkóhun tó bá fọwọ́ sí, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, FIBA kò gbà kó ti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn àfi nítorí àwọn ìdí pàtàkì kan, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ tàbí kó lọ fún ìwé. Ẹni tó bá sọ pé òun ní kíláàbù ní Yúróòpù tó ń dúró de ọmọ yín ọlọ́dún 16, tó sì ní kí ẹ mú owó físà wá kíákíá, ẹ bi í bóyá ó ní ìwé àṣẹ aṣojú láti ọ̀dọ̀ FIBA. Orúkọ àwọn tó ní in wà lórí ìkànnì FIBA fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó fún un ní nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tì ọmọ.